Álátì Ọnarébù Oyèlárán

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí Ọnarébù Oyèlárán fúnra ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni ibi orúkọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pè é ní Oyèlárán lásán, kò ní dá yín lóhùn. Tẹ́ ẹ bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Oyèlárán, á wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń pè. Orúkọ tó ń jẹ́ ni Ọnarébù Olóyè Ọ̀jọ̀gbọ́n-Nínú-Ìrírí Oyèlárán, Alága Pátápátá fún Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gba Ará Ìlú Lọ́wọ́ Gbájúẹ̀ Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ ló máa ń ka orúkọ náà jáde níbi ìpàdé. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún nìyẹn, òun àti kó máa rẹ́rìn-ín bí Alága bá dápàárá. Kó tó kà á tán, ẹni tó jókòó sẹ́yìn á ti jáde lọ ra gúgúrú, á ti padà dé, á sì ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Yàrá kan ṣoṣo ni ìgbìmọ̀ ọ̀hún ní, nínú ọ́fíìsì káńsù kan nílé Ifẹ̀ níbí. Fáànù kan, tábìlì méjì, àga mẹ́ta. Àga Alága ga ju ìyókù lọ, torí ó ní kí kápẹ́ńtà bá òun so igi mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ Alága ò fi kanlẹ̀ mọ́ bó bá jókòó. Wọ́n wá gbé àpótí kan síbẹ̀ fún un. Àlejò tó bá wọlé, àpótí yẹn ló kọ́kọ́ máa ń rí, á sì rò pé ẹnì kan fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù ni.

Àmínátù ni akọ̀wé. Òun ló ń ṣe ìyókù iṣẹ́, tó túmọ̀ sí pé òun ló ń ṣe iṣẹ́. Ìwé mẹ́wàá ló kà, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń ra ọjà, tó sì ń tà á, níbi gbàǹjo orí íńtánẹ́ẹ̀tì: bàtà, tẹlifíṣàn àlòkù, máṣìnnì ìránṣọ. Ẹ mọ bí gbàǹjo yẹn ṣe rí. Èèyàn á gbé àwòrán ọjà ẹ̀ síta, àwọn tó fẹ́ rà á á máa fowó lé owó, ẹni tí owó ẹ̀ bá ga jù nígbà tí àsìkò bá pé ló ni ín. Wọ́n ti lu Àmínátù ní jìbìtì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, látìgbà náà ló ti gbọ́n.

Òun ló jókòó kọ òfin mẹ́wàá tí ìgbìmọ̀ máa fi kọ́ ará ìlú. Òfin kìíní: ẹ fojú yín rí ọjà kẹ́ ẹ tó sanwó. Òfin kejì: ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kúrò lórí gbàǹjo wá bá òun dúnàá-dúrà ní kọ̀rọ̀, ẹ sá fún un. Òfin kẹta: álátì kì í ṣe owó, ẹ lọ wo inú akanti yín. Òfin kẹrin: ẹni tó bá ń kánjú, ẹ jẹ́ kó máa kánjú lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé ìkẹwàá. Alága kà á, ó mi orí, ó fi ìkọkànlá kún un: ẹ máa bọ̀wọ̀ fún Alága.

Wọ́n tẹ òfin náà sórí báńà ńlá kan tí wọ́n so sẹ́nu géètì. Fọ́tò Alága ló gba báńà náà láti òkè títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Àwọn òfin wá tò sí abẹ́ bàtà ẹ̀, wọ́n tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà. Ẹni tó bá fẹ́ kà á àfi kó kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ tí Alága kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé tó rí èèyàn mẹ́ta lórí ìkúnlẹ̀ níwájú fọ́tò ẹ̀, inú ẹ̀ dùn dé ibi pé kò jẹun ọ̀sán.

*

Ohun tó kù ni iṣẹ́ ìyanu àkọ́kọ́. Alága ní òun ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu lásán, òun fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ta nǹkan kan lórí gbàǹjo kí gbogbo Ifẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó wá gbọ́ pé àwọn ìyá onígàrí l'Ókè-Ògbó fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì tó ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin pákí. Ẹ́ńjìnnì náà ti dàgbà, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ńṣe ni wọ́n fẹ́ fi owó ẹ̀ kún èyí tí wọ́n ti dá jọ, kí wọ́n fi ra tuntun.

Alága wọ agbádá lọ bá wọn. Wọ́n ń bó pákí lọ́wọ́, wọ́n sì fi apá kan gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yin ìyá wa," ló fi bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin òpó tó gbé ikùn orílẹ̀-èdè yìí ró. Kí làgbẹ̀ láìsí yín? Kí ni ẹ̀bà láìsí yín? Lónìí, mo gbé ayélujára wá sí ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ́ńjìnnì yín máa rìnrìn àjò lójú òfuurufú. Wọ́n á rí i ní Kánádà. Wọ́n á rí i ní Ṣáínà."

"Ó ṣeun," ni Ìyá Ìkẹ́olúwa wí, òun ni olórí wọn. "Ṣùgbọ́n bàbá kan ti wá láti Ìlódè, Ọnarébù, wọ́n ní àwọn máa rà á."

"Ṣé bàbá yẹn ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Rárá o. Owó ni wọ́n ń lò."

Àwọn obìnrin yòókù tẹjú mọ́ pákí wọn. Ọládipọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé Alága kọ́ ló dápàárá, ó gbé e mì.

Ìyá Ìkẹ́olúwa wá kọjú sí Àmínátù. "Ìwọ ni mo mọ̀ níbí yìí, Àmínátù. Ẹ̀yìn ìyá ẹ lo wà nígbà tí èmi àti òun jọ ń rin pákí. Ẹ́ńjìnnì yìí nìkan la ní. Tó bá lọ tí ò dowó, ọwọ́ wa la máa fi rin pákí. Ṣé ká gbé e fún wọn?"

Àmínátù wo àwọn òfin ẹ̀ lọ́kàn, ó rí i pé wọ́n dáa. Ó ní tí wọ́n bá tẹ̀ lé wọn, kò sí bó ṣe máa bàjẹ́. "Ẹ gbé e, ìyá," ló wí. "Mo dúró fún un."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni "mo dúró fún un" yẹn ju ohun tó yẹ kó sọ lọ. Àwọn òfin dáa lóòótọ́. Ẹni tó máa tẹ̀ lé wọn ni kò béèrè.

*

Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì wá sí ọgbà káńsù kí wọ́n lè ya fọ́tò ẹ̀. Àmínátù nu epo ara ẹ̀, ó gbé fóònù sókè. Alága dúró síwájú ẹ́ńjìnnì.

"Ọ̀gá, ẹ sún díẹ̀. Ẹ bo ọjà náà mọ́lẹ̀."

"Ṣé ọjà máa polówó ara ẹ̀ ni? Yà á."

Bí fọ́tò náà ṣe lọ sórí gbàǹjo nìyẹn: Alága pẹ̀lú agbádá, àti irin dúdú kan tó ń yọjú lábẹ́ apá ẹ̀. Ìtàn ayé Alága ló kún ibi tó yẹ kí wọ́n ti sọ agbára ẹ́ńjìnnì àti ọjọ́ orí ẹ̀. Láàárín wákàtí kan, ẹnì kan ti béèrè pé èwo gan-an lẹ ń tà. Ẹnì kejì ní òun ò fẹ́ bàbá, ṣùgbọ́n òun lè san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lórí agbádá. Àmínátù yọ fọ́tò yẹn kúrò ní kọ̀rọ̀, ó fi tí ẹ́ńjìnnì nìkan sí i. Ìgbà yẹn ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Nígbà tí àsìkò pé, ọkùnrin kan láti Ìpetumodù tó ń jẹ́ Akínkúnlé ló ṣíwájú, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ́ńjìnnì yìí ṣì ń ṣiṣẹ́? Mo máa mú mẹkáníìkì mi bọ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀, kẹ́ ẹ tan án ká gbọ́. Tó bá dáa, màá sanwó lórí gbàǹjo níbẹ̀, màá dúró tì yín títí tẹ́ ẹ máa fi rí i nínú akanti."

Àmínátù ò tíì rí oníbàárà tó dáa tó báyìí rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ka ọ̀rọ̀ náà fún Alága.

"Ẹ káàárọ̀," ni Alága wí. "Ẹ káàárọ̀ lásán. Ta ló ń kí? Ṣé ó ń kí ẹni tó ń ta iyọ̀ ni?"

"Ó bú wa, Alága," ni Ọládipọ̀ wí.

"Ó tún ní ṣé ó ń ṣiṣẹ́. Àmínátù, kọ̀wé sí i. Sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì tí Ọnarébù Oyèlárán bá fọwọ́ sí kì í kú."

Àmínátù tẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ máa bọ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀, sà," ó fi ránṣẹ́.

*

Ọjọ́rú ni Tolúwalàṣẹ pè. Ṣé ẹni tó ń jẹ́ Tolúwalàṣẹ náà ni, àwa ò lè búra. Orúkọ tó pe ara ẹ̀ nìyẹn.

Lórí fídíò ló ti pè. Bí ojú Alága ṣe hàn sí i báyìí, ọmọkùnrin náà gbé fóònù ti nǹkan kan, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ohun tí wọ́n ń rí látorí fóònù kò ju ẹ̀yìn ẹ̀ àti fáànù àjà.

"Dìde, ọmọ mi," ni Alága wí.

"Mi ò lè dìde, bàbá. Mo ti ń wá ojú yín tipẹ́. Nígbà tí mo rí fọ́tò yín lórí gbàǹjo, mo ní ẹ́ńjìnnì wo? Bàbá yìí ni mo rí. Wọ́n ti wá yọ fọ́tò yẹn kúrò. Ta ló yọ ọ́?"

Alága yí ojú sí Àmínátù. Àmínátù ń wo fáànù.

"Ẹ̀yin ni Alága àwọn alága," ni ọmọkùnrin náà ń wí láti ilẹ̀ tó wà. "Ẹ̀yin ni òkè tí à ń wò ká tó gbéra. Kábíyèsí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ifẹ̀, ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í ṣàdédé jẹ́ irú ìkíni bẹ́ẹ̀ nílùú yìí. Alága mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ó dìde lórí àpótí, ó yọjú lójú fèrèsé, ó wọ̀tún, ó wòsì. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ó padà jókòó, ó sì mi orí pé òun gbà á.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó ń lọ. Tolúwalàṣẹ ní òun máa san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe é lórí gbàǹjo yẹn o, àwọn yẹn ò mọyì àgbà, wọ́n á tún yọ tiwọn nínú ẹ̀. Kó jẹ́ láàárín bàbá sí ọmọ. Dírẹ́bà òun sì ti wà nítòsí wọn báyìí pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń padà lọ sílé, kò ní lè dúró pẹ́.

Àmínátù rọra wí pé, "Ọ̀gá, òfin kejì nìyẹn. Ìkẹrin náà wà níbẹ̀."

"Òfin wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ sí."

"Ará ìlú ni mo fọwọ́ sí i fún. Ṣé ará ìlú ni mí?"

"Ọ̀gá, a ò mọ ọmọ yẹn rí."

Alága fi àánú wò ó, bí ẹni tó ń wo ẹni tí ò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ. "Àmínátù. Èèyàn lè purọ́ lórí ìjókòó. Ó lè purọ́ lórí ìdúró. Ẹni tó fàyà lélẹ̀, tó fi imú kan ilẹ̀ níwájú àgbà, ibo ni irọ́ máa gbà jáde lẹ́nu ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀dì ló dọ̀bálẹ̀ sí, ọ̀gá. Mo rí ìrọ̀rí."

"Ìtìjú ló jẹ́ kó fi nǹkan rọ ojú," ni Ọládipọ̀ wí.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí fóònù Alága fi ké. Álátì pé owó ti wọlé ti dé. Alága bọ́ síta, ó kà á sókè ketekete, àwọn tó ń kọjá lọ dúró gbọ́, Ọládipọ̀ sì pàtẹ́wọ́. Àmínátù na ọrùn wo fóònù náà. Nọ́ńbà tó ti wá kò yàtọ̀ sí nọ́ńbà ẹni tó ń ta káàdì níkòríta.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ ṣí akanti yín wò. Ìṣẹ́jú kan péré."

"Ká tún wò ó? Tí ẹnì kan bá fún ẹ lówó, ṣé ojú ẹ̀ lo ti máa ń kà á? Ìwà àìtọ́ ni. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń wo àpò ara ẹ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀."

Akẹ́rù dé. Ẹrẹ̀ bo nọ́ńbà ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Àmínátù lọ dúró síwájú ẹ̀, ó ní kò ní lọ títí Alága fi máa wo akanti.

"O ń dójú tì wá lójú àlejò," ni Alága wí. "Kúrò níbẹ̀, kí n tó fi ẹlòmíì sípò ẹ."

Àmínátù dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló kúrò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti rántí ìgbésẹ̀ méjì tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí Akínkúnlé dé l'Ọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú mẹkáníìkì ẹ̀, ojú epo nìkan ló bá nílẹ̀. Ó wo epo náà. Ó wo Àmínátù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ló wí, ó sì lọ.

*

Alága ní lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ayé ló máa rí bí òun ṣe ń kó owó lé àwọn ìyá onígàrí lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n tú báńà kúrò ní géètì, wọ́n gbé e wá sórí ìtàgé. Àwọn ìyá Òkè-Ògbó jókòó níwájú. Wọ́n ti ra odidi ọkọ̀ pákí kan sílẹ̀ de ẹ́ńjìnnì tuntun, ó wà lórí ilẹ̀ nílé. Ẹ sì mọ pákí: tí wọ́n bá ti hú u, ọjọ́ mẹ́ta ló fún yín, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré.

Ọládipọ̀ ka orúkọ. Àwọn kan lọ ra gúgúrú. Alága sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí bí gbájúẹ̀ ṣe máa ń mú ẹni tí ojúkòkòrò bá wà lójú ẹ̀. Ó wá ní òun ò fẹ́ sọ̀wé-dowó, òun ò fẹ́ fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Òun fẹ́ kí ará ìlú gbọ́ bí owó ṣe ń dún. Ó ti ní kí wọ́n mú ọmọbìnrin tó ń fi ẹ̀rọ pọ́ọ̀sì yọ owó fún èèyàn lẹ́nu géètì wá sórí ìtàgé, tòun ti ẹ̀rọ ẹ̀ àti àpò owó ẹ̀.

"Mi ò lè yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan, sà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ ká fi ogún bẹ̀rẹ̀."

Ó ki káàdì bọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ké pín. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ sọ ọ́ sí Alága létí, ṣùgbọ́n Alága di máíkì mú lẹ́nu.

"Owó ò tó níbẹ̀, sà," ni gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́.

"Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ẹ̀rọ tún ké.

"Ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ mí," ni Alága wí. "Ọládipọ̀, bá mi ka orúkọ mi fún un."

Ẹ̀yin ará, ọkùnrin náà kà á. Ó tẹ̀ sórí ẹ̀rọ pọ́ọ̀sì, ó ka Ọnarébù, ó ka Olóyè, ó ka Ọ̀jọ̀gbọ́n-Nínú-Ìrírí, títí dé Alága Pátápátá. Ọmọbìnrin náà di ẹ̀rọ mú fún un pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó gbé ọmọ fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n ki káàdì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní owó ò tó.

Ìyá Ìkẹ́olúwa dìde. Kò gbóhùn sókè. "Ọnarébù, ẹ sinmi díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wa dà?"

"Ìyá, ẹ má fòyà. Ọmọ mi ló rà á. Ẹ jẹ́ kí n pè é lójú yín."

Ó pè é, ó sì gbé e sí máíkì kí gbogbo èèyàn gbọ́. Ohùn obìnrin kan ló dáhùn, ó ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ̀ ń pè yìí, wọ́n ti pa á.

"Ó lè jẹ́ pé ó ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀," ni Ọládipọ̀ wí.

Ìgbà yẹn ni Àmínátù jáde síwájú, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn ìyá náà. "Wọ́n ti gbé e lọ. Álátì tó wọlé kì í ṣe tòótọ́. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì kúrò lọ́nà fún ọkọ̀. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀, èmi ni mo dúró fún un."

Ìyá Ìkẹ́olúwa wò ó tìtì. "Ó dáa tó o sọ ọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n pákí wa ò gbọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn."

*

Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀. Báńkì náà kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ni gbàǹjo ní àwọn kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ìta ilé àwọn ni wọ́n ti tà á, àwọn ò lè dá sí i. Lẹ́tà káńsù dé bá Alága nílé láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ìlà méjì péré: wọ́n ti tú ìgbìmọ̀ ká, kí Ọ̀gbẹ́ni Oyèlárán kó ẹrù ẹ̀. Ó ka "Ọ̀gbẹ́ni" yẹn, ó wẹ̀yìn wò. Ọládipọ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ti lọ sí ẹ̀ka ìmọ́tótó, ó ń kọ́ orúkọ ọ̀gá tuntun sórí.

Ó ṣì di lẹ́tà náà mú nígbà tí akẹ́rù kan dúró níwájú géètì ẹ̀. Àwọn ìyá onígàrí sọ̀ kalẹ̀, Àmínátù wà láàárín wọn. Wọn ò jà, wọn ò pariwo. Wọ́n kí ìyàwó ẹ̀, Ayọ̀ọlá, dáadáa, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Wọ́n wá da pákí sí àárín ọgbà, wọ́n tẹ́ àpò sílẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

"Kí lèyí?" ni Oyèlárán wí.

"Ọjọ́ kẹta ẹ̀ nìyí, Ọnarébù," ni Ìyá Ìkẹ́olúwa wí. "Tó bá di ọ̀la, ó ti bàjẹ́. Ọwọ́ wa ò lè ká a. A ní ká wá yá tiyín kún un."

Ayọ̀ọlá wọlé, ó jáde pẹ̀lú páànù kan tí wọ́n fi ìṣó dá lu jákèjádò, èyí tí ìyá ẹ̀ fi ń rin pákí láyé ọjọ́un. Ó gbé e síwájú ọkọ ẹ̀.

"Bàbá Adéolúwa," ló wí, "ẹ bọ́ agbádá yẹn."

Ó bọ́ ọ. Ó rin pákí. Kí ló fẹ́ ṣe? Aládùúgbò ti kún ẹnu géètì. Pákí mẹ́rin ló rin kí ìka ẹ̀ tó kan ìṣó, márùn-ún kí ọrùn ọwọ́ ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Àwọn tó ń kọjá ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ó sì ń dá wọn lóhùn, torí pé ìkíni yẹn ò ní àṣìṣe kankan nínú. Nígbà tó di ọ̀sán, ohun tí gbogbo wọn ti rin ò tíì tó ìdámẹ́ta òkìtì náà.

Àmínátù ló kọ́kọ́ dúró tó ń fetí sílẹ̀. Nǹkan kan ń kù lẹ́yìnkùlé látàárọ̀, kò sì sẹ́nì kan tó fiyè sí i.

"Ọ̀gá, jẹnẹrétọ̀ yín nìyẹn?"

"Òun ni. Fíríìjì ló ń gbé."

"Mẹkáníìkì kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò yìí. Ó lè tú ẹ́ńjìnnì ara ẹ̀ kúrò lára irin tó ń mú iná wá, kó fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ẹ̀rọ ìrinpákí."

Oyèlárán wo ìka ẹ̀. Ó wo òkìtì. Ó wo ìyàwó ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ sì ti ń lọ yọ fíríìjì kúrò lára iná.

"Ẹ gbé e," ló wí. "Mo fún yín pátápátá."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì ti wà nídìí ẹ̀rọ l'Ókè-Ògbó, bẹ́líìtì ti wà lọ́rùn ẹ̀, gbogbo pákí ti wà nínú agbọ̀n. Oyèlárán tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Ó ti padà wọ agbádá ẹ̀. Ó gun orí àpótí mílíìkì kan, ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ìyá wa," ló wí. "Ọjọ́ ńlá lọjọ́ òní. Mi ò lè jẹ́ ká lo ẹ̀rọ yìí láìṣe pé mo fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣí i."

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Pákí ti ń yí àwọ̀ létí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀," ni Ìyá Ìkẹ́olúwa wí. "Àgbà ni wọ́n. Àmínátù, ìwọ wá tan án."

Ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ni Àmínátù ti kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sì sẹ́nì kankan tó tíì ní kó wá tan án rí. Ó di okùn mú, ó fà á. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù.

Oyèlárán sọ̀rọ̀ títí. Wọ́n rí i tó nawọ́ sókè ọ̀run, tó nawọ́ sí ilẹ̀, tó gbá àyà, tó dé ibì kan tó yọ áńkáṣíìfù nu ojú. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ẹnu ẹ̀ dúró, wọ́n fi ọwọ́ tó kún fún pákí pàtẹ́wọ́ fún un tọkàntọkàn, ó sì tẹrí ba.

Ìyá Ìkẹ́olúwa fi ẹnu kan etí Àmínátù, ó pariwo kó lè gbọ́: "Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ, èyí ló dáa jù." Ó gbé agbọ̀n tó kàn, ó dà á sẹ́nu ẹ̀rọ.